Ẹ̀bẹ̀ Tí Mister Kò Rán Mi

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí bọ́ọ̀lù tí mo gbá fúnra mi ba Mister, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, lójú. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù líle. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ì bá yẹ̀ ẹ́. Apá òsì wọn ni mo ti gbá a, mo sì rò pé wọ́n ń wò mí. Wọn kò yẹra, wọn kò gbé ọwọ́ sókè. Bọ́ọ̀lù náà bà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, fìlà wọn ṣí bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ogún ọdún ni Mister fi ṣọ́lé. Aṣọ́lé kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ba òun lójú láìgbé ọwọ́ sókè, kódà bó bá sùn. Nítorí náà, kí n tó sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ti mọ̀.

"Ẹ ò rí i," mo sọ.

Wọ́n mú fìlà wọn nílẹ̀, wọ́n gbọn koríko ara rẹ̀ dànù. "Ojú òsì ni," wọ́n dáhùn. "Ó ti ń kú lọ láti ọdún méjì. Dókítà fún mi ní oògùn tí mò ń kán sí i. Ìwọ nìkan lo mọ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní n kò ní sọ. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Èmi náà ti ṣọ́lé rí, fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní yunifásítì tí mo lọ nílé. Padova, nílẹ̀ Italy, ni mo kọ́kọ́ gbé nígbà tí mo wá kẹ́kọ̀ọ́ sí i nípa eré ìdárayá. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Àtẹ̀gùn ilé ni. Ìyá àgbà kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ yàrá mi. Láràárọ̀ tí a bá pàdé, màá kí wọn, màá béèrè bí wọ́n ṣe sùn, bí orúnkún ṣe rí, bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n dúró, wọ́n di àpò wọn mọ́ àyà, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, kí lo ń fẹ́ gan-an?" Mo padà sínú yàrá, mo sunkún. Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan mọ̀ pé mo jí láàárọ̀ yẹn.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́, wọ́n fún mi ní permesso, ìwé ìgbélùú, ọdún kan, irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì kó lè fi wáṣẹ́. Bí n kò bá rí contratto gidi, ìwé àdéhùn iṣẹ́, kí ọdún náà tó pé, ilé ló kàn. Mo kó lọ sí Nichelino, lẹ́bàá Torino, nítorí pé Mama Tèmi ní yàrá kan tó ṣófo. Ará ìlú màmá mi ni wọ́n, diakónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ní ìjọ wa, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n sì ń ṣe. Láti aago márùn-ún ìdájí títí di ọ̀sán, mo máa ń wà ní magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń to páálí. Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ènìyàn á wọ mọ́tò wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, èmi á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ kí ọ̀nà má baà tètè tán.

Tèmi, ọmọ ilé náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló mú mi lọ sí pápá. Òun ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ládùúgbò, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa bá Mister gbá bọ́ọ̀lù sí àwọn aṣọ́lé. Wọn kì í sanwó fún mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ ìbọ̀wọ́, tí mo gbọ́ òórùn rọ́bà àti koríko tútù, mo máa ń rántí pé ènìyàn kan ni mí kí n tó di ẹni tó ń wá permesso.

Mister ni wọ́n ń pe gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá nílẹ̀ Italy. Ọmọ Spain ni Mister tiwa, láti ìlú kékeré kan létí òkun. Wọ́n ní ẹja ni bàbá àwọn ń tà, àti pé ẹja tútù tó ń yọ̀ ló kọ́ àwọn ní bí a ṣe ń di nǹkan mú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́lé nílé wọn, fún àwọn ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Wọ́n kọjá sí Italy, wọ́n ṣọ́lé ní Mestre, wọ́n ṣọ́lé ní Pordenone, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ńlá kan mú wọn, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀.

"Ọjọ́ kan péré ni wọ́n pè mí," wọ́n sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì. "Ìka aṣọ́lé wa ṣẹ́. Mo wọlé. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá."

"Ẹ wá gba mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ mi. Ará ẹ̀yìn wa ló gbá a padà fún mi. Mo gbá a jáde. Wọ́n fọn fèrè." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Mo wẹ ara mi dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ní kò gbọdọ̀ dà bíi pé mi ò ṣiṣẹ́."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orúnkún wọn bàjẹ́. Láti ìgbà náà, aṣọ́lé ẹlòmíì ni wọ́n ń kọ́. Ẹgbẹ́ kankan kò fi wọ́n ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá rí. Ìyẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá nítorí pé èmi náà ń bẹ̀rù kí n máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbésí ayé títí wọ́n á fi fọn fèrè.

Mister máa ń kọ̀yìn sí wa nígbà tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí Tèmi bá mú un, wọ́n á ní, "Ìka nìyẹn. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fẹ́." Ìró ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń gbọ́, wọn kì í sì í ṣì í. Mo kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo mọ̀ pé ibi ìsápamọ́ ni pẹ̀lú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí òsì wọn láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún mi. Bí ènìyàn bá ń bọ̀ láti ìhà yẹn, màá wúkọ́ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fura. Mo láyọ̀ nígbà òtútù yẹn. Ó yà mí lẹ́nu láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo láyọ̀. Lọ́jọ́ kan mo dápàárá lédè Italy, gbogbo àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, Mister sì bọ́ fèrè lọ́rùn wọn, wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn.

Nínú oṣù Kẹta ni ìròyìn dé láti Padova. Ẹgbẹ́ obìnrin kan níbẹ̀ fẹ́ fi Mister ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n. Ilé kọfí kan ní Nichelino ni wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ń fi ṣíbí ro kọfí tí kò ní ṣúgà.

"Igbákejì mi ni ìwọ. Contratto wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé bí kò bá sí ìwọ, mi ò wá."

"Ojú yín ńkọ́?"

"Bí mo bá ti fọwọ́ sí ìwé, èmi fúnra mi á sọ fún wọn. Ẹnu mi ni wọ́n máa ti gbọ́ ọ. Olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í gba bọ́ọ̀lù, ó ń ronú ni."

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Àwọn ará Padova máa béèrè nípa Mister lọ́wọ́ presidente, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, ọkùnrin kan tó ń ta ọ̀dà. Presidente sì ń bínú. Mister ti fi Tèmi sójú ilé, wọ́n fi ọmọ àbúrò presidente sórí bẹ́ǹṣì. Lójú gbogbo wa ni presidente ti pariwo pé kí Padova sáà pe òun, òun á sọ èyí tó wà nínú òun fún wọn.

Mister gbọ́, wọ́n sì ń ká àwọ̀n lọ. Èmi ni mi ò lè sùn. Mo pe Mọ́mì.

"Ta lẹ ti rán sí i?" Mọ́mì béèrè.

"A ò rán ẹnikẹ́ni, Mọ́mì."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ àti òyìnbó yín, ẹ wá jókòó, ẹ ń wo ara yín? Ṣé kò ságbàlagbà ní ibẹ̀ yẹn ni? Wá àgbà méjì, kẹ́ ẹ lọ kúnlẹ̀ fún un. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe."

Kí ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rántí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀gá ilé ìwé lé bàbá mi níṣẹ́ olùkọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn àgbà àdúgbò lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi kò bá wọn lọ, àwọn àgbà náà kò tilẹ̀ sọ fún bàbá mi. Àwọn àgbà sọ pé ìyá mi lóyún, pé ara ìyá bàbá mi kò yá, gbogbo ohun tó lè mú ojú rọ̀. Ọ̀gá náà gbọ́, ó tijú, ó dá iṣẹ́ padà, kò sì fi ohun tó gbọ́ ṣe ọ̀rọ̀ sọ níbòmíràn láé. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ìyà ẹlòmíì bẹ̀ ọ́, ìyà náà di ohun tí o gbọ́dọ̀ bò mọ́ra.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé la lọ. Pásítọ̀ ìjọ wa ló ń wa mọ́tò, pẹ̀lú kóòtù dúdú. Mama Tèmi gbé agbọ̀n èso lé ẹsẹ̀. Èmi àti Tèmi wà lẹ́yìn.

"Mamma, qui non si fa così," Tèmi sọ.

"A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí!" Mama Tèmi sín in jẹ. "Níbo layé ni wọn kì í ti í bẹ̀bẹ̀? Jókòó jẹ́ẹ́. Nítorí ìwọ náà la ṣe ń lọ."

Pásítọ̀ wò mí nínú dígí. "Àbúrò, kí la fẹ́ fi bẹ ọkùnrin yìí? Ènìyàn kì í mú ẹnu lásán lọ."

Mo sọ fún ara mi pé àgbà ni wọ́n, pé ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ fún ẹni tó ń lọ bẹ̀bẹ̀ kì í ṣe òfófó. Mo sọ fún ara mi pé Mister á dúpẹ́ nígbà tó bá yá. Mo tún fẹ́ contratto náà. Èyí náà jẹ́ òótọ́, mi ò sì ní yọ ọ́ kúrò. Mo bá sọ ọ̀rọ̀ ojú òsì.

"Háà," Mama Tèmi ní. "Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn! Ìyẹn gan-an la máa fi bẹ̀ ẹ́."

Nínú ilé ìtajà ọ̀dà, Pásítọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn agolo ọ̀dà funfun. Èmi àti Mama Tèmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Presidente fò dìde, ó rò pé àìsàn ló gbé Pásítọ̀ ṣubú, ó sì ń kígbe kí ìyàwó rẹ̀ pe ọkọ̀ àwọn aláìsàn. Tèmi fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Sà, kì í ṣe àìsàn," mo ṣàlàyé fún un. "A wá bẹ̀ yín ni."

"Bẹ̀ mí nítorí kí ni? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, àwọn oníbàárà ń wò wá!"

Mama Tèmi kò dìde. Wọ́n fi èdè Italy tí wọ́n fi ń bá àwọn arúgbó wọn sọ̀rọ̀ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní bó bá jẹ́ nítorí Tèmi ni, kó fi ọmọ àbúrò rẹ̀ sójú ilé títí ayé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ti ojú. Presidente jókòó sórí agolo ọ̀dà kan, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Poverino," ó ń sọ, ìyẹn ni pé ó mà ṣe é o. "Poverino." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa Pásítọ̀ dìde, ó dì mọ́ ọn, ó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́, òun á ṣe gbogbo ohun tó bá wà lọ́wọ́ òun.

A kọrin ọpẹ́ nínú mọ́tò títí a fi délé. "Ẹ rí i?" Mama Tèmi ń sọ fún ọmọ wọn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní a kì í ṣe é níbí."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Mister kò sí lórí pápá. Mo bá wọn ní yàrá tí a ti ń pàrọ̀ aṣọ, wọ́n ń ká jákẹ́ẹ̀tì wọn.

"Ta lo sọ fún?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, kíákíá, mo ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní a lọ bá wọn bẹ presidente ni.

"Kí ni mo ṣẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́."

"Kí lẹ wá ń bẹ̀ sí?"

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ìgbà tí wọ́n ń ṣàlàyé bí a ṣe ń dúró fún pẹ́náritì. Presidente ti pe Padova fúnra rẹ̀, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó fi ìfẹ́ pè wọ́n. Ó ní ènìyàn rere ni Mister, ọwọ́ wọn kò lẹ́gbẹ́, àmọ́ ojú wọn ń kú, kí wọ́n ṣàánú, kí wọ́n wá iṣẹ́ tó fúyẹ́ fún wọn. Padova dúpẹ́, wọ́n sì ní àwọn á wá ẹlòmíì. Ẹgbẹ́ tiwa náà ní kí wọ́n sinmi ná, kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò, nítorí ọmọdé ni wọ́n ń kọ́.

"Gbogbo ènìyàn ní Padova mọ̀ pé oníbìínú ni," Mister sọ. "Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n retí ẹ̀gbin láti ẹnu rẹ̀. Ìbínú rẹ̀, mo lè gbá a dànù. Àánú rẹ̀ ni mi ò lè dì mú."

Wọn kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo.

Mo ti rò ó títí orí ń fọ́ mi. Presidente kì í ṣe ènìyàn burúkú. Lójú tirẹ̀, ohun tí a sọ fún un jẹ́ ìròyìn tó yẹ kí àwọn ará Padova gbọ́, ó sì fi ọkàn tó mọ́ sọ ọ́. Àwọn àgbà wa náà kò ṣe ibi. Èmi nìkan ni mo dúró ní àárín, mo gbọ́ èdè méjèèjì, ó yẹ kí n mọ̀. Mo ti gbàgbọ́ pé bí mo bá ti lè dápàárá kí wọ́n rẹ́rìn-ín, mo ti di ará ibí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń fi Italy dá ìyá rẹ̀ lóhùn mọ̀ jù mí lọ.

Mọ́mì pè. "Ṣé ó gbẹ̀bẹ̀?"

"Ó gbà á, Mọ́mì. Ó tilẹ̀ sunkún."

"Ọlọ́run ṣeun! Mo sọ fún ẹ!" Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe àwọn ará ilé, tí wọ́n ń sọ ọ́ fún wọn. Mo ní iṣẹ́ ń pè mí, mo pa fóònù. Títí di òní, wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ṣì ń béèrè ọjọ́ tí n óò kó lọ sí Padova.

Mister lọ sí Pordenone, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fìríìjì. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá wọn. Ní Mestre, níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ kejì, mo rìn dé òpópónà Via Piave, obìnrin Yorùbá kan tó ń dirun sì nahùn sí mi láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, "Àbúrò, ojú ẹ ò dáa o. Wọlé wá mu omi." Mo mu omi náà lórí ìdúró. Mi ò lè sọ ọ́ fún un. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ní òun á bá mi lọ bẹ̀ wọ́n.

Mister ló ṣílẹ̀kùn fúnra wọn. Wọ́n yí orí díẹ̀ kí ojú ọ̀tún lè rí mi. Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kan ilẹ̀.

"Dìde," wọ́n ní. "Ìkúnlẹ̀ yín yìí ti tó."

Mo dìde. Wọ́n ní, "Tèmi ńkọ́?"

"Ó mú pẹ́náritì kan lọ́jọ́ Àìkú."

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì."

Wọ́n mi orí. Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, presidente pè mí sí ilé ìtajà ọ̀dà rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ náà fẹ́ràn mi, ó ní mo mọ ọ̀nà Mister dunjú. Ó fẹ́ kí n gba ipò wọn. Contratto gidi ni, ọdún méjì, permesso mi á sì dúró. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí èyí tó wà lọ́wọ́ mi tó kú. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Mama Tèmi ní, "Gbà á, jàre. Ọlọ́run ló ṣí i." Tèmi fi ṣíbí lélẹ̀ lórí tábìlì, ó fi Italy sọ pé bí mo bá gbà á, òun kò ṣọ́lé mọ́. Ìyá rẹ̀ bú u. Ó wọ yàrá lọ. Èmi kò lè jẹun mọ́. Bí mo bá gbà á, mo jẹ nínú ohun tí mo fi ẹnu mi bà jẹ́. Bí mo bá kọ̀ ọ́, mo padà sílé lọ́wọ́ òfo, ojú Mister kò sì ní tìtorí ìyẹn là. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn kí n béèrè lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí n gbà á, torí pé irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn, èmi á sì tún fi àánú wọn jẹun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílẹ̀ àjèjì jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n fi í sílẹ̀? Báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ ìkúnlẹ̀? Ẹ kọ èrò yín sí mi, n óò ka gbogbo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má bá mi lọ bẹ̀ wọ́n.